Wọ́n Ní Kí N Lọ Sinmi

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá 2025

Dókítà ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ohunkóhun tó bá mú àyà mi já lójúmọ́, kí n kọ ọ́, kí n má gbé e sínú. Ó ní ohun tí èèyàn bá ti kọ sílẹ̀ kì í sábà tẹ̀ lé e dórí ibùsùn. Ó dáa. Ohun àkọ́kọ́ tó mú àyà mi já lónìí ni dókítà fúnra rẹ̀.

Ó so aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tú u, ó tún un so. Ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní ìjọba ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì Alágbàká, èmi ni mò ń kọ ìròyìn iṣẹ́ ẹ̀ka wa. Ó ní ṣé èmi nìkan ni mò ń kọ ọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Òkè jẹ́ ọgọ́sàn-án, ìsàlẹ̀ jẹ́ àádọ́fà. Ó ní tí n bá gbé irú ẹ̀jẹ̀ báyìí padà sídìí tábìlì, orí tábìlì náà ni wọ́n máa ti gbé mi.

Kò mọ̀ pé orí tábìlì ni wọ́n ti gbé baba wa. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni baba wa, àárín ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ló dojú dé sí. Ọdún méjì péré ló fi ju ọjọ́ orí mi ìsinsìnyí lọ nígbà náà. Mi ò sọ ìyẹn fún dókítà. Ìwé yìí ni mò ń sọ ọ́ fún: ẹ̀rù ń bà mí.

Ó kọ oògùn, ó kọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe nílé mi o, kì í sì í ṣe ní Àkúrẹ́ rárá. Kí n lọ síbi tí ojú ọ́fíìsì kò ti ní tó mi. Tí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá wálẹ̀ títí ìgbà yẹn, òun kò ní fọwọ́ sí i kí n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Tóbi, ìyàwó mi, ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba dé, mo wá sọ fún un. Mo rò pé yóò kígbe. Kò kígbe. Ó kàn ní, "Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Usẹ́ ìjọba ò mọ ulé ẹnìkankan." Ó wá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Óǹdó lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ mi bí ẹni ń ná ewúrẹ́, èmi sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń gbọ́. Iye tí mò ń jẹ, bí mo ṣe ń sùn, ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Wọ́n rà mí. Mò ń lọ sí Oǹdó.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Pásítọ̀ pè mí síwájú ìjọ. Ta ló sọ fún un? Gbogbo ìjọ nawọ́ sí mi, wọ́n ń pariwo pé kí ẹ̀jẹ̀ mi máa wálẹ̀, kó máa wálẹ̀. Bí ariwo wọn ṣe ń lọ sókè lèmi náà ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún tó ń gòkè létí mi.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Mo mú ìwé dókítà lọ fún Kíákíá.

(Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé ni, ọ̀gá ẹ̀ka wa. Èmi nìkan ni mò ń pè é ní Kíákíá, inú mi lọ́hùn-ún sì ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò gbé iṣẹ́ fúnni rí kó má so ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọn nírù. Ó ti fi ránṣẹ́ sí mi rí lórí Wọ́sáàpù níbi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi, orí ijó ni mo wà. Mo jó jáde síta lọ dá a lóhùn.)

Ìdúró ló fi ka ìwé náà, fóònù wà láàárín etí àti èjìká rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Áà, ìlera lọrọ̀. Lọ sinmi. Sinmi dáadáa." Mo dúpẹ́, mo yí padà. Mo ti di ilẹ̀kùn mú. Ó ní kí n kàn bá òun parí ìròyìn oṣù mẹ́ta yìí kí n tó lọ. Kíákíá.

Kí ni mo sọ? Mo ní, "Ó dáa, sà." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Èmi kò tíì dé ibẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Peculiar, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi ní yàrá kejì, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọdébìnrin náà kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, kò sì bẹ̀rù ẹnìkan. Ó ní, "Daddy, 'rárá' yẹn ò mà le láti pè." Ó ṣí nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀ tó ń kọ́ èèyàn ní mímí. Fà á sínú. Dì í mú. Fi í sílẹ̀. Ibi tá a ti dì í mú ni Kíákíá ti ti ilẹ̀kùn wọlé, tó ní ṣé mo ti ń parí ẹ̀. Mi ò rò pé mo tíì fi èémí yẹn sílẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Mo parí ìròyìn. Mo wọkọ̀. Mo dé Oǹdó.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ọlájùmọ̀kẹ́, ló jókòó dè mí lẹ́nu géètì. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn tó ti lọ pàápàá, Mátírọ́ọ̀nù ló ń pè wọ́n títí ó fi kú. Èmi náà á máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, mi ò jẹ́ pè é lójú wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó dìde, wọ́n ti di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n ń ka bí ó ṣe ń lù. Ìyẹn ni ẹ kú àbọ̀ tiwọn.

Iyọ̀ di èèwọ̀. Ìròyìn orí rédíò di èèwọ̀. Fóònù mi, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n rì í mọ́ inú ike gàrí, wọ́n dé e. Wọ́n ní tó bá ń dún níbẹ̀, gàrí ni yóò máa dá a lóhùn.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Mo sùn.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Láti òwúrọ̀ ni gàrí ti ń dún. Mo fàyà rán an. Mo jáde lọ sábẹ́ gúáfà lẹ́yìnkùlé, mò ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù lọ sọ́jà. Mo wọlé, mo ki ọwọ́ bọ gàrí dé ìgbọ̀nwọ́.

Kíákíá ni. Ó ní níbo ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà. Mo ní inú dúrọ́ọ̀ yín ni, sà, ibi tí ẹ máa ń kó ẹ̀pà sí. Kò pẹ́ ó tún pè. Ó ní ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ kọ̀, kò ṣí. Mo ṣàlàyé bí yóò ṣe ṣí i. Ó tún pè láti sọ pé ó ti ṣí. Ó wá ní, "Gbémiga, ṣé o ń sinmi ṣá?" Mo ní mò ń sinmi, sà. Ó ní, "Ó dáa. Sinmi kíákíá kó o padà."

Mátírọ́ọ̀nù dé. Mo ní mi ò fọwọ́ kan fóònù. Wọ́n fi ìka gbọn gàrí kúrò létí mi. Wọ́n bá mi wọn ẹ̀jẹ̀. Kò dáa. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Gbémiga, èmi ni mo wẹ baba wa. Mi ò fẹ́ẹ́ wẹ̀ ọ́." Ẹkún gbọ̀n mí, mo sì jẹ́ kó wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Ogóje ó lé díẹ̀. Mo jó dé kíṣìnì. Mátírọ́ọ̀nù ní kí n jókòó, ijó náà ń gbé e sókè.

Ìrọ̀lẹ́. Peculiar fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Mátírọ́ọ̀nù. Gbogbo ẹ̀ka ń bọ̀ wá kí mi lọ́la. Wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ ìkíni aláìsàn ní ẹ̀ka wa. Èmi ni mo gbé òfin kalẹ̀ pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn kí gbogbo wa má lọ kí i, àti pé ẹni tí kò bá yọjú, a ó bi í léèrè. Adélaní tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún, a kọrin fún un títí ó fi dìde jó, wọ́n sì tún un rán. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà pé ìgbìmọ̀ wa ń ṣiṣẹ́.

Mo bẹ Peculiar kó sọ fún wọn pé ara mi ti yá. Ó ní tí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, Kíákíá – ọ̀gá ló pè é – yóò ní kí n wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ó ní kí n yan ọ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n wá lóòótọ́. Kí n tò ó bó ṣe lọ.

Láti ẹnu géètì ni wọ́n ti gbé orin. Wọ́n kún pálọ̀, wọ́n kún kọ́rídọ̀, àwọn kan jókòó sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ Mátírọ́ọ̀nù. Málíìtì, búrẹ́dì, ọsàn nínú báàgì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ní kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Ẹlòmíì wọlé, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bá fi máa dé ibi tí dókítà ti tún aṣọ ẹ̀rọ so, àyà mi á ti máa lù bí ọjọ́ náà gan-an. Ìmọ̀ràn ò sì wọ́n. Ewúro. Áyù. Kí n má jẹ ẹyin. Kí n máa jẹ ẹyin. Ọ̀kan nínú wọn ní bó ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n òun gẹ́lẹ́ nìyí. Mo bi í pé ẹ̀gbọ́n náà ńkọ́. Ó wolẹ̀, ó mu málíìtì.

Àlejò ò sì lè wá kó má jẹun. Mátírọ́ọ̀nù ń bẹ nídìí ìrẹsì, ta ló máa gbé e? Èmi aláìsàn ni mò ń pín àwo kiri, tí wọ́n ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ jókòó, ẹ sinmi, tí wọ́n sì ń nawọ́ gba ẹran.

Kíákíá ló wọlé gbẹ̀yìn, fóònù wà létí rẹ̀. Ó gbé báàgì ọsàn tirẹ̀ fún mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Báàgì náà wúwo. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Abẹ́ ọsàn, fáìlì ni. Ó rọra sọ sí mi létí pé kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò.

Mátírọ́ọ̀nù rí i. Wọ́n gbé ìkòkò ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn jáde. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ìrẹsì ilé yìí gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ kó tó lọ. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n tò, ó di eré. Peculiar dáa. Adélaní dáa, ó tiẹ̀ jó díẹ̀. Ó kan Kíákíá, ó ní òun kò ráyè. Mátírọ́ọ̀nù ní, "Kò ní pẹ́, ọ̀gbẹ́ni. Kíákíá ni." Wọn ò mọ orúkọ yẹn o. Mo wo òrùlé.

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n tú u. Wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n bọ́ sí apá kejì. Ojú wọn yí padà sí ti ẹnu iṣẹ́, ojú tí mo mọ̀ láti kékeré. Igba ó lé. Wọ́n bi í pé ṣé orí ń fọ́ ọ. Ó ní láti ìgbà Àjíǹde. Wọ́n yọ fóònù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, kò sì jà.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ilé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dé, pẹ̀lú oògùn àti àṣẹ: kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, kó wà lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ti lọ. Yàrá àlejò kan ṣoṣo ló wà nílé yìí, ibùsùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé inú yàrá kan náà la ó ti máa ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo jí, ọ̀gá mi jókòó sétí ibùsùn kejì, ó wọ jálàbíà mi. Ó gùn jù fún un. Mi ò mọ̀ pé ó kéré tó báyìí.

Mátírọ́ọ̀nù ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Gbémiga, bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á já." Ó ní Akọ̀wé Àgbà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá lórí rẹ̀, máa ń pe òun kí ilẹ̀ tó mọ́, pé "ní báyìí-báyìí" ni ìyẹn máa ń fẹ́ gbogbo nǹkan. Òun kò tíì sọ fún ìyàwó òun pé orí ń fọ́ òun. Ó ní òun ti ń lá àlá pé òun ń sáré lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò lópin, fáìlì sì wà lórí òun.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Gbogbo ìbẹ̀rù tí mo fi ń bẹ̀rù ọkùnrin yìí, ẹlòmíì lòun náà ń bẹ̀rù, ó kàn ń dà á sísàlẹ̀ lé mi lórí ni.

Gàrí dún. Fóònù tirẹ̀ náà ti wà níbẹ̀. Ó fò dìde, ó ní "Mà!" kí ẹnìkan tó gbé e. Ó wò mí. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo lọ, mo wa fóònù jáde, mo gbé e sétí. Mo ní, "Ọ̀gá ń sùn, mà." Ọ̀gá dúró níwájú mi, ojú rẹ̀ là kedere. Ìyẹn ní kí n jí i. Mo ní, "Rárá, mà."

Mo gbọ́ ọ nígbà tó jáde lẹ́nu mi. Òrùlé kò wó. Fáànù ṣì ń yí. Mo dá fóònù padà sínú gàrí. Fà á sínú, mo sọ fún ọ̀gá mi. Dì í mú.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Lúdò lábẹ́ gúáfà. Ọ̀gá ń ju dáìsì tirẹ̀ kí n tó ka tèmi tán. Mátírọ́ọ̀nù ní tó bá tún kánjú, àwọn á gba lúdò náà.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá ń jẹ iṣu tí kò níyọ̀, kò ráhùn. Ó sùn lọ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ là.

Ó jí, ó bi mí pé ta ni Kíákíá. Ó ní lóru mo pè é lójú oorun, mo ní Kíákíá, jọ̀ọ́, jẹ́ n sinmi. Mo ní ajá Àǹtí ni, sà. Ó mi orí.

Àǹtí ò lájá.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá ní òun wá ajá yẹn yíká ilé, òun ò rí i. Ó ní ìgbà tí òun wá ń fá irùngbọ̀n lòun rí i nínú dígí. Kò wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wọ yàrá, mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Àádóje, ìsàlẹ̀ ọgọ́rin. Mátírọ́ọ̀nù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì torí inú wọn dùn. Wọ́n ní baba wa kò rí irú èyí rí nílé ayé rẹ̀. Dókítà á fọwọ́ sí i. Ti ọ̀gá náà ń bọ̀ nílẹ̀, díẹ̀ díẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀sán. A wà nídìí lúdò. Mátírọ́ọ̀nù gbé ike gàrí wá síta láti yẹ̀ ẹ́ wò (wọ́n ní àwọn kò lè mu gàrí yẹn mọ́ láéláé), wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ Peculiar lórí fóònù tiwọn, wọ́n kà á fún wa. Iléeṣẹ́ wa ti fi mí ṣe adelé ọ̀gá títí ara Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé yóò fi yá. Akọ̀wé Àgbà máa tó pè mí. Ó fẹ́ kí n dé Àkúrẹ́ lónìí, ní báyìí-báyìí, pẹ̀lú ìròyìn kan lọ́wọ́ mi.

Ipò tí mo ti ń gbàdúrà sí láti ọjọ́ tó pẹ́. Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo lúdò. Àyà mi gbéra, mo gbọ́ ọ, bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán nílé kejì.

Gàrí dún. Fóònù mi ni. Mo ti nawọ́ sí i. Ẹnu mi ti ń kó "Ó dáa, mà" jọ, mo mọ adùn rẹ̀ lórí ahọ́n mi. Ọwọ́ ọ̀gá ló kọ́kọ́ débẹ̀. Kò fò dìde. Ó fẹ́ gàrí kúrò lára fóònù náà, ó gbé e sétí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Gbémiga ń sùn."

Mo jókòó níwájú rẹ̀, dáìsì wà lọ́wọ́ mi, mo lajú sílẹ̀.

Ó gbọ́ ohun tí ìyẹn ń sọ títí. Ó ní, "Rárá, mà. Ó di ọjọ́ Ajé kó tó jí." Ìyẹn tún sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó fà á sínú, ó dì í mú, ó fi í sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ létí Akọ̀wé Àgbà.

"Èmi náà ń sùn, mà."

Ó rì í padà, ó dé ike náà. Mátírọ́ọ̀nù ti lọ gbé ẹ̀rọ.

Ọ̀gá ní èmi ni dáìsì kàn. Ó ní kí n má kánjú.